Kingston Lacy: Pláànù tí ó fi òkúta bo bíríkì

Ní ọdún 1835, ní agbègbè Dorset ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tí ó jogún ilé baba rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan fún ayàwòrán-ilé. Ó fẹ́ kí ojú ilé náà kúrò ní bíríkì pupa, kí ó di òkúta, kí ẹni tí ó bá sì wò ó lẹ́yìn iṣẹ́ náà má lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. William John Bankes ni onílé, Charles Barry ni ayàwòrán-ilé, Kingston Lacy sì ni a ń pe ilé náà lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kingston Hall ni àwọn ará ìgbà náà mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tún ojú wọn ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Barry fúnra rẹ̀ sì ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ó mú mi yan èyí ni pé orí àṣìṣe nípa orúkọ ẹnì kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àwọn àwòrán rẹ̀, àti pé kí ohun gbogbo tó parí, onílé kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìbẹ̀rù, débi pé ìwé àti àwòrán nìkan ni ó ṣẹ́kù láàárín òun àti ilé tí ó ń kọ́.

Ilé tí ìdílé Bankes kọ́kọ́ gbé ní Dorset kì í ṣe èyí. Ilé olódi Corfe ni, tí ó wà lórí òkè kan ní agbègbè kan náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ọba Charles Kìn-ín-ní àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀yìn ọba ni ìdílé náà wà. Sir John Bankes, tí ó jẹ́ adájọ́ àgbà, kú ní ọdún 1644. Ìyàwó rẹ̀, Mary, ni ó di odi náà mú nígbà tí àwọn ọmọ ogun aṣòfin dó tì í, títí di ọdún 1646 tí ẹnì kan nínú odi dalẹ̀, tí ó sì ṣí ọ̀nà fún ọ̀tá. Àwọn aṣòfin ní kí wọ́n fi ẹ̀tù wó Corfe, àwókù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Kọ́kọ́rọ́ odi náà kò sọnù ṣá o: wọ́n fi í kọ́ sí yàrá ìkàwé ní Kingston Lacy, níbi tí gbogbo ọmọ ilé náà ti ń rí i. Mo mẹ́nu ba kọ́kọ́rọ́ yìí nítorí pé a óò tún padà bá a ní iwájú.

Nígbà tí ìjọba ọba padà dé ní ọdún 1660, Sir Ralph, ọmọ Mary, kò tún Corfe kọ́. Ó gbé iṣẹ́ ilé tuntun fún Sir Roger Pratt, wọ́n sì kọ́ ọ láàárín ọdún 1663 sí 1665 nítòsí ìlú Wimborne. Ilé Pratt kì í ṣe odi mọ́. Ilé ọlọ́lá tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ni. Bíríkì pupa ni ògiri rẹ̀, pẹ̀lú òkúta ní igun ilé àti ní etí fèrèsé. Yàrá abẹ́ ilé wà nísàlẹ̀, ìdajì rẹ̀ nínú ilẹ̀, ìdajì lókè. Àjà méjì gùn ún. Òrùlé tí ó dagun sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì dé e. Ẹni tí ó bá ti rí àwòrán Coleshill, ilé mìíràn tí Pratt kọ́ tí iná jó ní ọdún 1952, mọ irú ilé tí mo ń sọ. Henry Bankes, baba William, ti ní kí ayàwòrán-ilé Robert Furze Brettingham tún un ṣe ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nítorí náà ohun tí William jogún ní ìparí ọdún 1834 kò rí bí Pratt ṣe fi í sílẹ̀ gan-an.

William Bankes kì í ṣe onílé tí ayàwòrán-ilé lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn. Láàárín ọdún 1815 sí 1819 ó ti rìn jìnnà ní Íjíbítì, Nubia àti Síríà, kì í sì í ṣe pé ó ń wòran lásán. Ó ń wọn ògiri, ó ń ya tẹ́ńpìlì, ó ń da àkọlé ara òkúta kọ. Àwòrán tí ó ti ìrìn àjò yẹn bọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ó tilẹ̀ mú ọ̀wọ̀n òkúta gbọọrọ kan wá láti erékùṣù Philae. Giovanni Belzoni, ará Ítálì kan tí ó ń wá ohun àtijọ́ kiri ní Íjíbítì, ló bá a gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀wọ̀n náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1821, ó sì dúró nínú ọgbà Kingston Lacy títí di ìsinsìnyí. Àkọlé èdè Gíríìkì àti ti Íjíbítì àtijọ́ tí ó wà lára rẹ̀ wúlò fún àwọn tí wọ́n ń gbìyànjú nígbà náà láti ka ìwé àwọn ará Íjíbítì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pè ọ́ wá tún ilé òun ṣe, òun náà yóò gbé pẹ́ńsù rẹ̀ dání.

Barry, tí wọ́n bí ní Westminster ní ọdún 1795, ti rin Íjíbítì ní àkókò kan náà, ibẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì ti mọra. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún Bankes ní Soughton Hall ní ilẹ̀ Wales. Nígbà tí Kingston Hall fi dé ọwọ́ rẹ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ ti ń yọ: iná ti jó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹwàá ọdún 1834, ní ọdún 1836 sì ni wọ́n kéde pé pláànù Barry ni ó borí nínú ìdíje láti tún un kọ́. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tí ó ń ya àwọn ilé ìṣọ́ ṣóńṣó ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster náà ni ó ń ya ojú ilé Ítálì fún Bankes. Àwọn kan fi èyí bú Barry pé kò ní ìgbàgbọ́ kan pàtó. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tí ó mọ agbádá rán tí ó sì mọ bùbá rán kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe tí mo sọ ni ó kàn. Ìgbàgbọ́ Bankes, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà rẹ̀ sì jọ gbà, ni pé Inigo Jones ni ó ya ilé náà. Jones ni ògbóǹtarìgì tí ó kọ́kọ́ gbé ìlànà ìkọ́lé Ítálì wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ́ Banqueting House ní Whitehall láàárín ọdún 1619 sí 1622. Ṣùgbọ́n ọdún 1652 ni Jones kú, ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé yìí. Àkọsílẹ̀ tí Pratt fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú, kò di títẹ̀ jáde títí di ọdún 1928. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bankes wo ilé náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n baba tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fi í fún.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán, nítorí pé òun ni ó ń darí pẹ́ńsù. Bí onílé bá gbà pé Pratt ló kọ́ ilé, a jẹ́ pé bíríkì pupa tọ́ sí i, iṣẹ́ tó kù kò sì ju pé kí wọ́n tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí ó bá gbà pé Jones ni, bíríkì yóò máa dà bí àbùkù lójú rẹ̀, bí ohun tí àìlówó tàbí ìkánjú fà, yóò sì gbà pé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni láti parí ohun tí ògbóǹtarìgì náà ní lọ́kàn. Nítorí èyí ni Bankes kò fi ka iṣẹ́ náà sí ìyípadà. Lójú tirẹ̀, àtúnṣe ni, àti ìdápadà ohun tí ó sọnù. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dá ilé kan padà sí ipò tí kò fìgbà kan wà rí.

Kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ àwòrán? Ẹni tí ó ń kọ́ ilé tuntun lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé funfun. Ẹni tí ó ń tún ojú ilé àtijọ́ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ilé náà bí ó ṣe wà: kí ó wọn gbogbo fèrèsé, nítorí ní ilé tí ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún, méjì tí ó jọ pé wọ́n dọ́gba lè má dọ́gba, kí ó wọn bí ògiri ṣe nípọn tó àti ibi tí ilẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan dé. Lẹ́yìn náà ni yóò ya ti tuntun lé e lórí. Ó ní àwòrán tí ń fi yàrá hàn bí ẹni dúró lókè òrùlé tí ó ń wo ìsàlẹ̀, ó ní èyí tí ń fi ojú ilé hàn láìfi ìjìnnà kún un, ó sì ní èyí tí ń fi inú ilé hàn bí ẹni fi ayùn là á sí méjì láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Àṣà ilé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní ọ̀rúndún náà ni láti fi tádàwà fa ìlà, kí wọ́n sì fi ọ̀dà olómi kun ún, kí bíríkì tuntun jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, kí àwọ̀ mìíràn sì wà fún ògiri tí wọn kò ní fọwọ́ kàn. Oníṣẹ́ tí kò kàwé púpọ̀ lè mọ̀ lójú kan ohun tí yóò wó àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Ẹ̀dà àwòrán kò rọrùn láti ṣe, nítorí ọdún 1842 ni John Herschel ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí ọ̀nà títẹ àwòrán aláwọ̀ búlúù tí àwọn ayàwòrán-ilé wá ń lò lẹ́yìn náà. Akọ̀wé níláti fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí àwòrán, kí ó máa tọ ìlà kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Òkúta Chilmark ni wọ́n yàn, láti agbègbè Wiltshire tí ó bá Dorset pààlà. Irú òkúta yìí náà ni wọ́n fi kọ́ kàtídírà ńlá tí ó wà ní Salisbury. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá wọ ilé bíríkì láṣọ òkúta kì í hàn sí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí. Ògiri ń nípọn sí i síta, nítorí náà fèrèsé tí ó ti wà nítòsí ojú ògiri yóò rì sínú, òjìji etí rẹ̀ yóò sì jìn sí i. Etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi òjò yóò máa ṣàn sórí òkúta tuntun. Òkúta náà kò gbọdọ̀ kàn dúró ti bíríkì lásán. Ó gbọ́dọ̀ di í mú, kí méjèèjì má bàa pínyà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Fún gbogbo etí òkúta tí a gbẹ́ ní ọnà, ẹnì kan níláti ya àwòrán rẹ̀ ní títóbi rẹ̀ gan-an, kí wọ́n gé e sí ara páálí tàbí irin pẹlẹbẹ, kí àwọn agbẹ́kùúta máa fi wọn òkúta bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Àwòrán ojú ilé tí onílé ń fi han àwọn àlejò rẹ̀ dára láti wò, àmọ́ àwọn páálí wọ̀nyí gan-an ni ó ń kọ́ ilé.

Síbẹ̀, òkúta kọ́ ni mo kà sí iṣẹ́ ọpọlọ tó ga jù lọ nínú ohun tí Barry ṣe. Ilẹ̀ ni. Ní ìhà àríwá ilé, ó ní kí wọ́n wa ilẹ̀ kúrò, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ títí yàrá abẹ́ ilé yóò fi yọ sí gbangba, ó sì fi ẹnu ọ̀nà ńlá tuntun síbẹ̀. Ṣáájú ìgbà yìí, ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn níta kí ó tó wọlé. Lẹ́yìn èyí, kẹ̀kẹ́-ẹṣin ń gbé àlejò dé ìsàlẹ̀, ó ń wọ gbọ̀ngàn kan tí ó ti jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí àti ibi iṣẹ́ àwọn ìránṣẹ́ rí, lẹ́yìn náà ni yóò gba àtẹ̀gùn mábù gòkè lọ sí àwọn yàrá ọlọ́lá. Bí wọ́n ṣe ń wọ ààfin ní Ítálì nìyẹn. Ilé tí ó ní àjà méjì di ilé tí ó dúró bí alájà mẹ́ta ní ìhà yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bíríkì kan lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí lórí ìwé. Àwòrán ojú ilé nìkan kò lè sọ ọ́, nítorí lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, ènìyàn sì lè fa ìlà náà sísàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Àwòrán tí ó la ilé sí méjì ni ó ń sọ òtítọ́: ibi tí ìpìlẹ̀ Pratt parí sí, bóyá ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wa yóò tú ẹsẹ̀ ògiri sí ìta, ibi tí omi òjò yóò gbà nígbà tí iwájú ilé bá ti rẹlẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, àti bí àtẹ̀gùn yóò ṣe gòkè láìfi orí àlejò gbá òpó àjà. Ayàwòrán-ilé tí ó bá fẹ́ràn àwòrán ojú ilé ju ìyẹn lọ yóò kó onílé sí gbèsè.

Lórí òrùlé, Barry fi ọgbà òkúta yí orí pẹrẹsẹ rẹ̀ ká, ó gbé ilé kékeré olórí róbótó sí àárín, ó sì fi ihò èéfín gíga kan sí igun kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró bí ẹ̀ṣọ́. Nípa ti àwọn ihò èéfín wọ̀nyí, èmi àti Barry kò fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n wúwo lójú, wọ́n sì ń jẹ́ kí ilé tí ó jókòó jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ dà bí ẹni tí ó na apá sókè. Àánú bíríkì náà tún ń ṣe mí díẹ̀, nítorí pé bíríkì pupa ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ lọ́nà tí òkúta aláwọ̀ eérú kì í gbà á. Ṣùgbọ́n n kò lè jiyàn nípa ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ ńlá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí ọ̀ràn dé ní ọdún 1841. Ní ọdún 1833 wọ́n ti mú Bankes rí lórí ẹ̀sùn pé òun àti ọmọ ogun kan ní àjọṣe tí òfin kà léèwọ̀. Àwọn ènìyàn ńlá jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, Duke ti Wellington sì wà lára wọn, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní 1841 wọ́n tún mú un pẹ̀lú ọmọ ogun mìíràn ní Green Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Ikú ni ìyà tí ó wà nínú ìwé òfin fún ẹ̀sùn tí ó wúwo jù lọ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọn kò sì mú un kúrò títí di ọdún 1861. Yàtọ̀ sí ẹ̀mí rẹ̀, ìjọba lè gba dúkìá rẹ̀. Bankes yára fi ìwé kó ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ lé àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sá kúrò nílùú ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òfin kò dáàbò bò mọ́, Ítálì ni ó sì forí lé, níbi tí ó ti wá fìdí kalẹ̀ sí Venice.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbàgbé ilé. Bankes kò gbàgbé. Láti Venice ó ń kọ lẹ́tà sílé, ó ń ya àwòrán, ó ń sọ ìwọ̀n, ó ń pàṣẹ mábù, igi gbígbẹ́ àti ọnà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ítálì, ó sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn ránṣẹ́. Òrùlé-inú oníwúrà tí ó wà ní yàrá tí wọ́n ń pè ní Spanish Room, ààfin kan ní Venice ni ó ti wá. Àwòrán tí ń rìn lórí òkun báyìí kò ní ìdáríjì. Bí bíríkìlà bá wà nítòsí, onílé lè na ìka fún un pé “síbí, kì í ṣe sọ́hùn-ún”. Láti Venice, ìlà tí kò tọ́ yóò di òkúta tí kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà tí àwọn ará Venice ń lò látijọ́ tilẹ̀ gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34.8 sí 30.5, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ “ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta” sí etí àwòrán láìsọ tàwọn wo, ó ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbé òkúta náà sí àyè rẹ̀ ní Dorset.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ dúró sí jù ni ọ̀nà àtẹ̀gùn mábù tí Barry ti pèsè, èyí tí àlejò ń gbà gòkè láti ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn náà ti ń ya, ó ní kí wọ́n gbé ère bàbà mẹ́ta sí, iṣẹ́ ọwọ́ Carlo Marochetti: Ọba Charles Kìn-ín-ní, Sir John Bankes, àti Mary pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ Corfe lọ́wọ́. Ọkùnrin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti lé kúrò nílé ni ó jókòó sí Venice tí ó ń ṣètò ibi tí obìnrin tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ ilé rẹ̀ yóò dúró sí. Àwọn ará Dorset ń sọ ọ́ pé ó máa ń gba etíkun wọlé ní bòókẹ́lẹ́ láti wá wo iṣẹ́ náà. Ìtàn àdúgbò nìyẹn, n kò sì fi orúkọ mi tì í.

Ó kú sí Venice ní oṣù kẹrin ọdún 1855, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n sin ín sí ibojì ìdílé rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Wimborne, tí kò jìnnà sí ilé náà. Ọwọ́ ìdílé Bankes ni ilé wà títí di ọdún 1981, tí ẹni tí ó kẹ́yìn nínú wọn fi í sílẹ̀ fún National Trust, àjọ tí ń tọ́jú àwọn ilé àti ilẹ̀ àtijọ́, nínú ìwé ìhágún rẹ̀, pẹ̀lú àwókù Corfe. Àwọn ìwé ìdílé náà wà ní Dorset History Centre ní Dorchester, lẹ́tà Venice náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tí Bankes fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sáàárín ọ̀rọ̀ láti fi ṣàlàyé fún àwọn ará ilé bí wọn yóò ṣe gbé òkúta kọ̀ọ̀kan kalẹ̀.